Ẹ̀gbẹ́ Òsì Àwòrán

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ọmọ iléèwé kì í pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, àwọn olùkọ́ náà sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, débi pé bí ẹnìkan bá fi orúkọ tí òbí sọ ọ́ ké sí i lójú pópó, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ láì wẹ̀yìn. Láàárọ̀, á kó àwọn ọmọ lọ síléèwé. Lọ́sàn-án, á kó wọn padà fún àwọn òbí wọn. Láàárín méjèèjì, nígbà tí àwọn awakọ̀ yòókù bá na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó tí wọ́n ń hanrun, òun á fa pákó pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ àga rẹ̀, á tẹ́ bébà lé e, á tú ọ̀dà sílẹ̀, á sì máa ya ohunkóhun tó bá wà níwájú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀: ilé alájà méjì tí wọ́n sá aṣọ sí lára, ajá tó sùn sábẹ́ òpó iná, obìnrin tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà.

Iṣẹ́ tó wù ú láti kékeré nìyẹn. Bàbá tó bí i ló ní àwòrán kì í bọ́ ènìyàn, ló fi gba ìdí ìtọ́kọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ẹni kì í kú síbẹ̀. Nígbà tí ó ra fóònù tó ní kámẹ́rà, Yèyé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi hàn án bí wọ́n ti ń gbé àwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yèyé kì í ṣe orúkọ àbísọ ọmọ náà. Ojú ìyá awakọ̀ ló gbé wáyé, ẹnu ìyá náà ló sì gbé wá, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí. Ilé ìtẹ̀wé ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí àwòrán àkọ́kọ́ ti gorí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìyìn ti ń rọ̀ bí òjò. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.” “Ọwọ́ yín ò ní rọ.” “Èyí mà ga o.” Wọ́n á fi ọkàn pupa sí i, wọ́n á fi àtẹ́wọ́ sí i. Bàbá Bọ́ọ̀sì á jókòó ti fóònù, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Ohun tó wá rú u lójú ni ti ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé ìlú a máa ṣa àwòrán àwọn aráàlú lọ́dọọdún, wọ́n á fi kọ́ ara ògiri wọn kí tolórí tẹlẹ́mù lè wá wò ó. Bàbá Bọ́ọ̀sì mú tirẹ̀ lọ, wọ́n dá a padà. Ọdún yípo, ó tún mú òmíràn lọ, wọ́n tún dá a padà. Wọn ò sọ ìdí. Wọ́n kàn ní ó ṣeun, kó tún gbìyànjú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Yèyé ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, Bàbá Bọ́ọ̀sì lọ bá a.

“Yèyé, ṣé irọ́ ni àwọn èèyàn tó ń yìn mí yìí ń pa ni?”

“Wọn ò purọ́, Bàbá mi. Ohun tí ẹ bi wọ́n ni wọ́n ń dá yín lóhùn. Ẹ gbé àwòrán kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, ‘Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.’ Wọ́n wò ó, wọ́n kí yín. Kí ló tún kù? Ẹni tó gbé ọmọ tuntun jáde, ta ló fẹ́ sọ fún un pé imú ọmọ náà ti tóbi jù?”

Bàbá Bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Báwo wá ni kí n ṣe é?”

Yèyé gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Ẹ kúrò láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà tó jẹ́ ti àwọn tó ń yàwòrán fúnra wọn, màá fi hàn yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì gbé tiyín jáde. Ẹ wo tàwọn ẹlòmíràn ná, kí ẹ sọ ohun tó máa wúlò fún wọn. Ọwọ́ tó bá fúnni ni wọ́n ń fún. Bó bá wá kan tiyín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi àwòrán náà ṣe, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn ò lè fi ‘ó dára’ dáhùn. Ohun tí wọ́n bá sì sọ, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fèsì.”

“O ò ṣe di olùkọ́?”

“Ta ló máa san owó oṣù fún mi?” ni Yèyé wí, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ padà.

Bàbá Bọ́ọ̀sì ṣe bí ọmọ rẹ̀ ti wí. Ó wọ ẹgbẹ́ náà, ó ń wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, ó ń sọ èrò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sọ fún ọmọkùnrin kan pé ẹṣin rẹ̀ rẹwà ṣùgbọ́n kò tẹ ilẹ̀, ọmọkùnrin náà sì dúpẹ́ títí bí ẹni tí wọ́n bá a rí ohun rẹ̀ tó sọnù. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n ti mọ òun níbẹ̀, ó mú èyí tó fẹ́ràn jù nínú àwọn àwòrán rẹ̀, òpópónà iwájú iléèwé lẹ́yìn òjò, ó gbé e sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ilé ìkàwé ni mo fẹ́ mú èyí lọ. Wọ́n ti dá mi padà rí. Níbo ni ojú yín ti kọsẹ̀ nínú rẹ̀? Ẹ má ṣàánú mi. Àgbà ni mí, mi ò ní sunkún.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí ó ti kó àwọn ọmọ dé iléèwé, ó yà sílé kó tó di àkókò tí wọ́n á jáde. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní pálọ̀. Yèyé náà wà nílé nítorí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Bàbá Bọ́ọ̀sì jókòó, ó ṣí fóònù.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé: “Iṣẹ́ ọ̀gá ni apá ọ̀tún yẹn. Apá òsì ńkọ́? Ṣé ẹ ò tíì parí rẹ̀ ni?”

Ẹni kejì ní: “Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ló gé e. Ẹ̀gbẹ́ òsì funfun báláú.”

Òmíràn tún ní: “Ilé tó wà láàárín yẹn, ìdajì rẹ̀ dà? Òrùlé rẹ̀ kàn dáwọ́ dúró sójú ọ̀run ni.”

Bàbá Bọ́ọ̀sì kà á, ó tún un kà. Ó dìde, ó lọ gbé ojúlówó àwòrán náà wá, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì wò ó fínnífínní. Ilé náà pé. Òpópónà náà pé. Omi òjò ń dán lójú títì bó ṣe yà á. Kò síbi tó ṣófo lójú tirẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Àwọn wọ̀nyí ti sọ ọ́ láàárín ara wọn láti fi àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó gbàgbé gbogbo ìmọ̀ràn Yèyé, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ẹ lọ bọ́jú yín kí ẹ tó wo iṣẹ́ oníṣẹ́.”

Kò pẹ́ tí èsì mìíràn fi wọlé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olùkọ́ Àwòrán nínú ẹgbẹ́ náà ló kọ ọ́. Kò bú u. Ó to àwọn àwòrán Bàbá Bọ́ọ̀sì tẹ̀lé ara wọn láti èyí tó pẹ́ jù dé tuntun, ó sì kọ ọ́ pé:

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo lọ wo gbogbo iṣẹ́ yín látìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn àkọ́kọ́, bébà kún láti etí dé etí. Nígbà tó yá, etí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àyè tó ṣófo yẹn ń fẹ̀ sí i bọ̀, ó ti gba ìdajì bébà báyìí. Mi ò rò pé ẹ mọ̀. Bí àwa ayàwòrán bá fẹ́ rí àṣìṣe ara wa, a máa ń dorí àwòrán kodò ká tó wò ó. Ẹ dákun, ẹ dorí tiyín kodò.”

Nítorí kó lè rí ọ̀rọ̀ gidi fi dá obìnrin náà lóhùn ni Bàbá Bọ́ọ̀sì ṣe yí àwòrán rẹ̀ po. Ó dorí rẹ̀ kodò. Ó wò ó.

Àwòrán náà ti lọ.

Bébà funfun ló kù níwájú rẹ̀, kò sí ilé, kò sí títì, kò sí omi. Ipa àtàǹpàkò kan tó dọ̀tí nìkan ló wà lójú rẹ̀. Ó yí i padà, ilé dé, títì dé. Ó tún dorí rẹ̀ kodò, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó.

“Yèyé,” ni ó pè, ohùn rẹ̀ ò sì jọ tirẹ̀ mọ́. “Yèyé, wá. Ta ló nu àwòrán mi?”

Yèyé jáde láti yàrá. Ó wo bébà, ó wo bàbá rẹ̀. “Kò sẹ́ni tó nù ún, Bàbá mi. Òun nìyí.”

“Níbo?”

Ọmọ náà fi ìka lé bébà. Bàbá rẹ̀ ò rí ìka. “Ẹ yí ọrùn yín síbí,” ni Yèyé wí. “Ẹ tún yí i sí i.” Bàbá Bọ́ọ̀sì yí ọrùn títí ó fi ń dùn ún, ìgbà náà ni ìka ọmọ rẹ̀ yọ sí i lójijì, bí ẹni tó yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ilé alájà méjì sì wà lábẹ́ ìka náà, tó dorí kodò.

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti dìde.

“Bàbá Yèyé,” ni obìnrin náà wí, “ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Oúnjẹ tí mo ń gbé fún yín, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ ẹ́ tán?”

“Mo ń jẹ ẹ́ tán. Ìgbà wo ni mo fi oúnjẹ sílẹ̀ rí?”

“Apá kan abọ́ lẹ máa ń jẹ. Apá kejì máa ń wà bí mo ṣe bù ú. Ó ti tó oṣù mélòó kan. Mo rò pé ọwọ́ mi ni ẹ ò fẹ́ mọ́. Mo rò pé ẹ ti ń jẹun níbòmíì.” Ó fi etí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ nu ojú. “Mi ò bi yín. Mo fi sínú.”

Ó wá sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. “Èyí náà ńkọ́? Mo rò pé àṣà tuntun ni.”

Bàbá Bọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ síbẹ̀. Irùngbọ̀n ló bá, ó kún, ó le bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ń dán. Ó fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó dúró níwájú dígí, ó fá a, ó fi omi ṣan án, ó sì wo ara rẹ̀ pé ó dára.

“Ìwọ ńkọ́, Yèyé?” ni ó bi ọmọ rẹ̀. “Ìwọ náà rí àyè funfun yẹn?”

“Mo rí i, Bàbá mi. Mo rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn níbi iṣẹ́ wa pé bàbá mi mọ ibi tó yẹ kéèyàn fi sílẹ̀ láì kùn.”

Bàbá Bọ́ọ̀sì wo aago ara ògiri, ó sì dìde bó ṣe máa ń dìde lójoojúmọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àkókò ti tó tí àwọn ọmọ á jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ìyàwó rẹ̀ ti ń bọ̀ láti dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n kò nílò rẹ̀. Ó padà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀, ó sì pe ọ̀gá iléèwé lórí fóònù.

“Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ wá ẹlòmíì tó máa kó àwọn ọmọ lónìí.”

“Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ara yín ò yá ni?”

“Mi ò mọ ohun tó dé. Àmọ́ apá kan wà tí mi ò rí.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn wá láàárọ̀ yìí?”

“Èmi ni.”

Ọ̀gá iléèwé gbé fóònù sílẹ̀ láti wá awakọ̀ mìíràn.

Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó tan iná sí i lójú, ó ní kó ka lẹ́tà, ó sì ní ojú rẹ̀ méjèèjì dá ṣáká. Inú Bàbá Bọ́ọ̀sì dùn, ó ti fẹ́ dìde. Dókítà wá fún un ní bébà àti bíró, ó ní kó ya aago fún òun. Èèyàn tó mọ àwòrán yà ni, kò gbà á ní ìṣẹ́jú. Ó yà á, ó gbé e fún un, ó ń retí ìyìn. Dókítà wo aago náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó na bébà sí Yèyé. Gbogbo nọ́ńbà inú aago náà ló fún pọ̀ sápá ọ̀tún, wọ́n lérí ara wọn bí èrò inú ọkọ̀ tó kún jù. Apá òsì ò ní ẹyọ kan.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ya inú orí, wọ́n sì fà á lé dókítà mìíràn lọ́wọ́, ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ojú yín ò ṣe nǹkan kan,” ni dókítà yìí wí. “Ohun kan ló ń hù nínú agbárí yín lápá ọ̀tún. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ti ọpọlọ. Ibi tó ń tì yẹn ló ń bójú tó ohun tó bá wà lápá òsì yín. Ojú yín ń rí i, ọpọlọ ni kò gbà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi mọ̀ pé nǹkan kan ń sọnù. Ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù á wá a. Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìrántí ẹrù náà ò ní wá nǹkan kan.”

Ìyàwó awakọ̀ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ òsì ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó mọ̀ pé ẹnìkan di òun mú.

“Ṣé ikú ni, Dókítà?”

“Kì í ṣe irú èyí tó ń tàn káàkiri ara. A lè yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ orí kì í ṣe ohun eré, mi ò sì ní tàn yín. Àmọ́ ẹ wá lákòókò. Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ wá?”

“Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí,” ni Bàbá Bọ́ọ̀sì dáhùn. “Àwòrán mi ni mo ní kó wò.”

Wọ́n yọ ohun náà. Wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n sì rán an padà. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rírán náà, ó ní ẹni tó rán an mọ iṣẹ́, kò fún okùn jù. Apá òsì ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yíjú, ó sì rí ọkùnrin sísanra kan lórí ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, tó ń jẹ ọsàn.

“Ẹ ǹlẹ́ o,” ni Bàbá Bọ́ọ̀sì kí i. “Ìgbà wo lẹ dé?”

Ọkùnrin náà gbé ọsàn kúrò lẹ́nu. “Ìgbà wo ni mo dé kẹ̀? Mo ti wà níbí kí wọ́n tó gbé yín wọlé. Àràárọ̀ ni mo ń kí yín. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìgbéraga yín pọ̀.”

Bàbá Bọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó pa á lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa á lẹ́rìn-ín. Odindi èèyàn, tó ń mí, tó ń kí i. Báwo ni ohun tó ti sọnù bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Nígbà tó padà délé, ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà, ó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ti ń yìn ín láti ọjọ́ pípẹ́ náà gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i. “Bàbá, mo ti rí i tipẹ́. Mi ò fẹ́ dùn yín.” “Èmi náà rí i. Mo ní àgbà ni, ta ni mo jẹ́?” “Mo rí i látọdún tó kọjá, mo kàn fi ọkàn sí i.” Ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń là sí i. Ohun tí wọ́n yọ nínú orí rẹ̀ ò dùn ún tó èyí. Àfi bí ìgbà tí wọ́n dúró létí kànga, wọ́n ń wò ó bó ti ń rìn bọ̀, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùkọ́ Àwòrán lọ́tọ̀. Èsì tí obìnrin náà fi ránṣẹ́ rèé: “Ẹ má yìn mí jù, Bàbá. Èmi náà ti fi ọkàn pupa sábẹ́ àwọn kan nínú wọn. Ìgbà tí ẹ béèrè ibi tí ojú wa ti kọsẹ̀ ni ẹnu mi tó là.”

Nígbà tí ara rẹ̀ yá dáadáa, tó lè dá rìn, ó lọ kí àwọn ará iléèwé. Ó ti mọ̀ pé òun ò ní wa ọkọ̀ mọ́, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà wà nínú ọgbà. Mẹkáníìkì iléèwé, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń pè é ní bàbá, wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì yọ jáde láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá Bọ́ọ̀sì fà á dìde, ó gbá ọkọ̀ náà lára bí ẹni kí ọ̀rẹ́ àtijọ́, ó sì rìn yí i ká.

Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ó dúró.

Láti iwájú dé ẹ̀yìn, ara ọkọ̀ náà ti ha. Ojú ọ̀dà tuntun wà lórí ògbólógbòó, òmíràn wà lórí ìyẹn, àwọ̀ wọn ò sì bára mu. Ó ti tẹ̀ wọlé níbi púpọ̀. Gbogbo àárọ̀ ló ti ń rìn yí ọkọ̀ náà ká kó tó gbéra, tó ń ní kò sí nǹkan.

“Kí ni èyí?” ni ó béèrè, ó fi ọwọ́ kan ibi tó ha jù.

“Òpó ẹnu géètì ni, Bàbá. Nígbà òjò.”

“Èyí ńkọ́?”

“Ògiri ibi ìgbọ́kọ̀sí.”

Ó rìn sí iwájú díẹ̀. Ibì kan tẹ̀ wọlé nítòsí táyà, kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ gba inú rẹ̀ wẹ́kú. “Èyí?”

Mẹkáníìkì ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́, kò sì jáwọ́. “Ìyẹn, a ò mọ̀, Bàbá. Bí ẹ ṣe gbé e dé lọ́jọ́ kan nìyẹn. Mo rìn padà lójú ọ̀nà tí ẹ gbà, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan kan.”

“O rìn padà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O sì kùn ún.”

“Bàbá wa ni yín. Mo ní kí n bò yín láṣìírí.”

Bàbá Bọ́ọ̀sì ò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. “O bò mí láṣìírí,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “o sì fi mí lé orí ọmọ ọlọ́mọ.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Àgbàlagbà náà kò bá a jà, kò sì ní kó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kí wọ́n jọ lọ bá ọ̀gá iléèwé, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn ò mọ̀. Agogo iléèwé dún bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn ọmọ tú jáde, wọ́n ń sáré bọ̀ síbi ọkọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń kígbe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá Bọ́ọ̀sì dúró láàárín ọgbà, ó ń yí ọrùn rẹ̀ lọ yí i bọ̀, kò sì tẹ̀ síwájú títí ọmọ tó gbẹ̀yìn fi kọjá.